Ìdáhùn Tí Mo Kọ́ Oníbàárà Bàbá

Ọṣẹ ló wà lójú Kúdí ọmọ mi nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi. Mo ń fọ orí fún un lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Màrókò. Ìfóòfó ti bo gbogbo irun ẹ̀, mo sì ti nawọ́ sí omi tí mo fẹ́ fi ṣàn án, ni Ráṣídì ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Kò kí mi. Ó ní, "Sàídá, Bàbá ti sùn o." Mo dúró tèmi ti igbá omi lọ́wọ́. Kúdí ń ké pé ojú ń ta òun, mi ò gbọ́. Ráṣídì ló gba igbá lọ́wọ́ mi, tó ṣan ojú ọmọ.

Kí a tó wọkọ̀ dé Ajah, kí a tó fẹsẹ̀ rin ìyókù dé Badore, wọ́n ti kírun sí Bàbá lára, wọ́n ti sin wọ́n. Yẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá. Àwọn èèyàn ń sọ ohun rere tí Bàbá ṣe, mo ń gbọ́, mo ń mi orí. Èmi náà ní tèmi láti sọ, òun ni mo ń kọ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú tèmi tí kò sí nínú tiwọn.

Bàbá Làmídì ló bí ìyá mi. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni wọ́n, létí ọ̀sà ní Badore. Ìbọn ọdẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí ogun Biafra parí tí adigunjalè gbòde kan l'Ékòó, àwọn olówó àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba ìwé àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbọn ìléwọ́ wá bá wọn, àwọn ìbọn kékeré tí èèyàn lè fi aṣọ bò mọ́ra. Bàbá náà ní ìwé àṣẹ tiwọn. Wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri lókè ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná. Wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Èmi ni mo máa ń kà á fún wọn, tí mo bá parí, wọ́n á ní kí n tún un kà láti ibi orúkọ wọn.

Bàbá kì í ta ìbọn. Oníbàárà á kó méjì tàbí mẹ́ta wá, ẹni tó ń tà á á tẹ̀lé e, Bàbá á sì bá a yan èyí tó bá a mu. Ọwọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ wọn ọwọ́ oníbàárà láti ìdí àtàǹpàkò dé orí ìka tó máa fi fa ìbọn, wọ́n á so kókó síbi tó parí sí. Kókó yẹn ni wọ́n fi ń gbẹ́ èèkù ìbọn tuntun, igi apá ni wọ́n sì máa ń lò. Ọ̀gá kan láti Àpápá gbé méjì wá nígbà kan, èyí tí ikùn ẹ̀ ń yí bí ọta bá ti jáde, àti pẹlẹbẹ kan tó ń dán gbinrin. Pẹlẹbẹ ló wà lọ́kàn ẹ̀. Bàbá bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fọ bàtà yín fúnra yín?" Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Bàbá ti pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ mú èyí tó ń yí. Kì í há mọ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọn ò bá fọ̀ ọ́."

Nǹkan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ìbọn fara pamọ́. Wọ́n á ní kí oníbàárà wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ jù, kó fi ìbọn tí kò sí ọta nínú ẹ̀ síbi tó fẹ́, kó wá kírun ráká méjì lórí ẹní. Bàbá á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á tẹjú mọ́ aṣọ ẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ tó ń forí kanlẹ̀. Bí èèkù bá yọ kókó lábẹ́ bùbá, wọ́n á mú fáìlì, wọ́n á tún un fá. Bí oníbàárà bá jẹ́ Kírísítẹ́nì, wọ́n á ní kó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn bí ẹni tó ń kí bàbá ìyàwó. Lọ́yà kan wá nínú kóòtù àti táì. Ó nà gbalaja. Ìbọn yọ́ jáde láti abẹ́ kóòtù, ó fà lórí ẹní títí ó fi kan orúnkún Bàbá. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀.

"Ẹ dìde, lọ́yà. Bàbá ìyàwó ti rí i."

Bàbá àti oníbàárà tún máa ń jà lórí ojú ìbọn. Irin kékeré tó dúró lókè ẹnu ìbọn ni, òun lèèyàn máa ń wò kí ọta lè lọ síbi tó fẹ́. Sójà kan tó ti ogun bọ̀ fẹ́ kí Bàbá gbé tiẹ̀ ga sí i, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Bàbá ní àwọn ò ṣe é. Sójà náà ní òun ti fojú rí ogun, Bàbá ò rí i rí. Bàbá ní kò burú, kó ti ìbọn náà bọ àpò, kó fà á yọ kíákíá. Ó fà á. Irin há sí ẹnu àpò, bùbá ẹ̀ ya dé ìbàdí. Wọ́n fá irin náà títí ó fi kù bí èékánná ọmọ ìkókó, wọ́n kán idẹ tíńtín lé e lórí, èyí tí wọ́n gé lára ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, kí ojú lè tètè rí i. Sójà náà ṣì ń kùn pé tí ẹni náà bá wá dúró lókèèrè ńkọ́?

"Tó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, o ṣì lè sá fún un."

Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ti ọdẹ. Ẹja ni wọ́n ń yan. Wọn kì í jẹ́ kí ìbọn kankan kọjá ẹnu ọ̀nà ilé, wọn kì í sì í fún oníbàárà lómi mu. Bí mọ́tò aláràbarà bá ti dúró, wọ́n á yí ẹ̀yìn sí i, wọ́n á máa fẹ́ná abẹ́ ẹja. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ́sàn-án kan. Ìyá Àgbà fi orúkọ àkọ́bí wọn pe Bàbá, wọ́n ní, "Bàbá Rámọ́tà, ẹ̀rù ló ń ba àwọn olówó wọ̀nyí, ẹ̀yin lẹ wá ń rán aṣọ fún ẹ̀rù." Inú Bàbá ò dùn, wọ́n gbọn eérú ọwọ́ wọn dànù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí ẹ̀rù kì í bà, olówó tàbí tálákà. Ìyá Àgbà yí ẹja padà.

"Ẹ̀rù tó wọṣọ, ta ló máa dá a mọ̀ bó bá ń bọ̀?"

Mi ò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nígbà náà.

Lẹ́yìn gbogbo wíwọ̀n àti fífá, Bàbá ṣì máa ń bi oníbàárà ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó kó ìbọn lé e lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Èmi tí mo ń fẹ́ ẹwìrì, wọn kì í kà mí mọ́ èèyàn. Wọ́n á gbé ìbọn náà sórí itan, wọ́n á wo ojú onítọ̀hún, wọ́n á ní, "Ta lẹ máa yìn ín fún?" Àwọn kan máa ń ní èsì ní ẹnu ọ̀nà ọ̀fun: dẹ́rẹ́bà tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin tó ń yan ìyàwó wọn lálè. Bàbá á ká ìbọn náà sínú àkísà, wọ́n á ní àwọn ò rí i ṣe, wọ́n á dá owó padà. Ẹni tó bá káwọ́ sókè, tó ní òun ò mọ̀, pé ẹ̀rù ló kàn ń ba òun bí òun bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òun ló máa gbé tiẹ̀ lọ. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Èmi nìkan ni wọ́n ṣàlàyé fún, pé ẹni tó bá ti ní orúkọ lọ́kàn, kì í ṣe ààbò ló ń wá. Àníkẹ́ tí í ṣe oríkì mi ni wọ́n máa ń pè mí bí ọkàn wọn bá balẹ̀.

"Àníkẹ́, má sọ ọ́ níta. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ ìdáhùn ẹ̀, kò sí nǹkan tí mo máa fi wo èèyàn mọ́."

Mo sọ ọ́ níta.

Fọ́ọ̀mù kẹrin ni mo wà. Wàsíù, ọmọ ìdílé kan ní Ajah tí títì tuntun fẹ́ gba ilẹ̀ wọn kọjá, ní Volkswagen aláwọ̀ ọsàn. Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó máa ń gbé mi. Á ní, "Ọmọ ilé ìwé, wọlé wá bá mi ka pátákó ojú ọ̀nà." Kò fọwọ́ kàn mí rí, kí n sọ òtítọ́. Ó kàn máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dàgbà, ìyẹn sì ti tó mi. Lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n sọ pé bàbá mi àgbà le ju ọlọ́pàá lọ, pé wọ́n ti dá ọ̀rẹ́ òun méjì padà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Bàbá ò le, wọn ò kàn mọ ohun tí Bàbá fẹ́ gbọ́ ni.

"Ìwọ mọ̀ ọ́n?" ó ní.

Bí ẹni ń kàwé fún olùkọ́ ni mo ṣe dá a lóhùn. Mo ní, "Bí wọ́n bá bi yín pé ta lẹ máa yìn ín fún, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ̀rù ló kàn ń bà yín."

Ó lu ọwọ́ mọ́ sítíárì, ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Badore. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ìbọn wá àti ìwé àṣẹ ẹ̀. Bàbá wọn ọwọ́ ẹ̀, wọ́n fá ojú ìbọn náà bọ́ sílẹ̀. Ó kí ráká méjì nínú bùbá léèsì tó fẹ́lẹ́, ohunkóhun ò hàn. Wọ́n wá bi í. Ó tẹrí ba. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí." Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ni, ó kàn fi Bàbá ṣíwájú ẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́. Mo ń fẹ́ ẹwìrì, mi ò gbójú sókè. Wọ́n kó ìbọn lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé bàtà gogoro kan fún mi, pupa, irú èyí tí gbogbo ọmọbìnrin ń wọ̀ nígbà náà. Mo ti máa ń sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé bàtà ló mú mi sọ ọ́. Irọ́ ni. Bàtà ò tíì sí nígbà tí mo la ẹnu. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ nǹkan ni.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Wàsíù yìn ín fún Bùràímọ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá ọ̀tọ̀. Bùràímọ̀ ò fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá wọn, ọ̀sán gangan ni ó lọ ń hú àwọn èèkàn tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Wàsíù bá a níbẹ̀. Wọ́n bú ara wọn bí wọ́n ṣe máa ń bú ara wọn, àwọn tó wà níbẹ̀ tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Wàsíù ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá. Orúnkún ló bá. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀hún. Bùràímọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó lọ kí i pé bí òun bá ti rí ìbọn ni, òun ì bá ti sá. Kò rí i. Iṣẹ́ Bàbá mọ́, kò yọ rárá.

Ọlọ́pàá mú Wàsíù, ó lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n wá bá Bàbá náà. Ọ̀gá wọn sọ ìwé àṣẹ kalẹ̀ lára ògiri, ó kà á tán, ó ní Bàbá ò jẹ̀bi nǹkan kan, ìwé pé, ìwé Wàsíù náà pé. Bàbá ò gbé e kọ́ padà. Wọ́n nà án sí i.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Bóyá ẹ fo ibì kan."

Ohun tí Bàbá wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò sí alágbẹ̀dẹ tí mo gbọ́ tó ṣe irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn wo Wàsíù lójú, àwọn ò sì rí nǹkan kan. Wọ́n ní ojú àwọn ti lọ, a ò sì mọ ìgbà tó ti lọ, ta ló wá mọ iye Wàsíù tó kù nígboro? Wọ́n ní àwọn máa lọ tún gbogbo oníbàárà wò, kí àwọn tún bi wọ́n ní ìbéèrè náà. Wọ́n mọ gbogbo wọn lórí, pẹ̀lú iye kókó ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn ò lè ka orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé. Ọlidé ni mo wà. Èmi ni wọ́n mú dání.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀ lé wọn láti géètì dé géètì, ní Ìkòyí, ní Yábàá, ní Sùúrùlérè. Bàbá á ṣí fìlà fún mẹ́gáàdì. Wọ́n á ní, "Ẹ sọ fún ọ̀gá pé alágbẹ̀dẹ Badore ni. Ojú mi ti ṣàṣìṣe, mo wá tún wọn wò." Àwọn kan ò jẹ́ ká wọlé. Ọ̀gá Àpápá fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ní kí Bàbá lọ sinmi. Ìyá oníṣòwò kan ní Yábàá bi mí bóyá ara Bàbá yá. Lọ́yà ìjelòó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀ fún wa ní pálọ̀. Bàbá bi í pé, "Ta lẹ máa yìn ín fún?" Ó jókòó. Ó ní òun ti ní orúkọ báyìí, òun ò ní in nígbà yẹn. Ó dá ìbọn náà padà fún ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà, a jọ lọ ni. Mẹ́ta péré ló ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè dá Bàbá dúró, ẹnu mi ló wà. Ní gbogbo géètì ni mo ń rò pé mo máa sọ ọ́ ní géètì tó kàn.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, a wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Ó ti rẹ Bàbá, ẹnu wọn gbẹ. Mo ní, "Bàbá." Wọ́n bojú wò mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..." Mo wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n wo ìsàlẹ̀. Bàtà pupa yẹn ni mo wọ̀, mo wọ̀ ọ́ torí Ìkòyí. Ó ti bó mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n gbé e lé itan. Wọ́n bi mí ta ló rà á. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ létí omi, àwọn ni wọ́n gbé e lọ́wọ́ dé ilé, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, àwọn tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe ń kí wa.

"Ó ga jù fún iyanrìn wa, Àníkẹ́."

Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá bàtà nìkan ni wọ́n ń sọ.

Wọn ò fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Ìwọ̀ ẹja ni wọ́n ń rọ títí ọjọ́ fi dé. Oníbàárà tuntun á wá, wọ́n á ní ojú àwọn ti fọ́. Ojú tó ń ki okùn bọ ihò ìwọ̀ láìlo dígí ni wọ́n ń sọ pé ó fọ́. Ọdọọdún ní Iléyá, wọ́n á ya igẹ̀ àgbò sọ́tọ̀ fún Bùràímọ̀, wọn kì í fi itan ránṣẹ́ sí i láé. Èmi ni wọ́n ń rán. Kódà nígbà tí mo ti wọlé ọkọ, wọ́n á dúró dìgbà tí mo bá dé. Bùràímọ̀ á jókòó síwájú ilé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á gba ẹran lọ́wọ́ mi, á ṣàdúà fún mi pé kí ọmọ mi tọ́jú mi bí mo ṣe ń tọ́jú Bàbá.

"Sọ fún wọn pé mi ò bínú sí wọn. Ojú àgbà ni."

Mo máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún Bàbá bí ó ṣe rán mi. Bàbá á ní, "Ó ṣeun."

Lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà fìdáù, Bùràímọ̀ wá. Ó jókòó níwájú. Ààfáà wàásù, wọ́n ní ẹ wo Làmídì, nígbà tí ojú ẹ̀ di bàìbàì, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó má baà ṣe àwọn èèyàn léṣe mọ́. Gbogbo èèyàn ṣàmín. Èmi náà ṣàmín. Kúdí jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún gbé omi síta láti fọ orí fún un. Ó kọ̀. Ó di orí mú, ó ní mo máa gbàgbé ọṣẹ sí òun lójú bíi ti ìjelòó. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ọṣẹ ló fọ́ ojú Bàbá?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé ojú Bàbá ò fọ́. Mo ní wọ́n bi ọkùnrin kan ní ìbéèrè, èmi ni mo sì ti kọ́ ọkùnrin náà ní ohun tó máa sọ, ìdí nìyẹn tí Bùràímọ̀ ò fi ní ẹsẹ̀ kan. Mo ní ojú Bàbá ríran títí wọ́n fi kú.

Ó rò ó. Ó ní, "Ṣé ẹ sọ fún wọn?"

Mo ní rárá, mi ò sọ fún wọn, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo ní lọ́jọ́ Jímọ̀, a jọ máa lọ sílé Bùràímọ̀, mo máa sọ ọ́ níwájú ẹ̀, bó bá sì lé wa jáde, kí Kúdí má sunkún, torí Bùràímọ̀ ò ṣẹ̀ wá. Mo wá ní kó di ojú, mi ò ní gbàgbé lọ́tẹ̀ yìí.